Ìyá mi ń lo omeprazole ó ti lé ní ọdún kan: ṣé kí wọ́n dá a dúró ni, àbí kí wọ́n máa bá a lọ?

Àbẹ̀kẹ́
Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo gbé wá. Nígbà tí orúnkún ń dà wọ́n láàmú, dókítà kọ diclofenac fún wọn, ó sì fi omeprazole 20 mg tì í kí diclofenac má baà dá ọgbẹ́ sí wọn nínú. Orúnkún ti rọlẹ̀, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi diclofenac sílẹ̀, ṣùgbọ́n omeprazole kò kúrò nílé. Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn yìí, àyà kì í ta wọ́n rárá.

Lóṣù tó kọjá wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi lọ́wọ́ oògùn, wọ́n bá jáwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn, omi kíkan ń gun ọ̀fun wọn lóru. Wọ́n padà sídìí oògùn, ara sì balẹ̀. Wọ́n ti wá gbà pé àìsàn kan wà lára àwọn tí oògùn yìí nìkan lè ká. Àbúrò mi kà á níbì kan pé ó ń ba kíndìnrín àti egungun jẹ́, ó ní ká kó o dànù. Mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Jagunlabí
Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni àbúrò yín sọ. Oògùn tí èèyàn bá ń gbé mì lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan, kò ní ṣàì ba nǹkan jẹ́ níbòmíràn. Ọlọ́run ló fi ásíìdì sínú ikùn kó lè máa pa kòkòrò inú oúnjẹ. Tí a bá pa á tán, kí ló kù? Ẹ kó o dànù lónìí. Kí ìyá fara dà á, yóò lọ.

Apoògùn_Tòótọ́
Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Iṣẹ́ apoògùn ni mò ń ṣe, irú ọ̀rọ̀ yìí sì ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra. Ẹ má kó o dànù lónìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ìyá gbà pé títí ayé ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n jáwọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà lára ògiri ikùn tí wọ́n ní fáǹpù kéékèèké tó ń tu ásíìdì jáde. Omeprazole àtàwọn ẹbí rẹ̀, ìyẹn esomeprazole, lansoprazole, pantoprazole àti rabeprazole, máa ń lẹ̀ mọ́ fáǹpù yìí, wọ́n á sì sé e pa. Bí ara bá ti rí i pé ásíìdì kéré, á bẹ̀rẹ̀ sí í tu họ́mọ́ọ̀nù kan tó ń jẹ́ gastrin sínú ẹ̀jẹ̀, kí ásíìdì lè pọ̀ sí i. Tí gastrin bá ti wà lókè bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan, agbára tí ikùn ní láti ṣe ásíìdì á ti ju ti àtijọ́ lọ. Oògùn ló kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí oògùn bá kúrò lójijì, ásíìdì á ya jáde ju bó ṣe wà kí èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó rọlẹ̀.

Àwọn olùwádìí ní Dẹ́ńmáàkì dán èyí wò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2009. Èèyàn 120 ni wọ́n lò, gbogbo wọn ló ní ìlera, kò sí ẹni tó ní àìsàn ikùn nínú wọn. Wọ́n fún apá kan ní esomeprazole 40 mg fún ọ̀sẹ̀ 8, wọ́n wá fi oògùn òfìfo rọ́pò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Apá kejì lo oògùn òfìfo látòkèdélẹ̀. Lẹ́yìn tí oògùn gidi kúrò, ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó ló ń ní àyà títa, omi kíkan tàbí inú rírun. Nínú àwọn tí kò lò ó rárá, ìdá 15 péré ni. Ẹ rántí pé ẹni tí kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀ ni gbogbo wọn.

Nítorí náà, àyà tó ń jó ìyá lẹ́yìn tí wọ́n jáwọ́ kò tó ẹ̀rí pé àrùn tuntun ti wọ̀ wọ́n lára. Ó lè jẹ́ oògùn tí wọ́n fi sílẹ̀ lójijì ló fà á.

Àbẹ̀kẹ́
Ẹ ṣeun gan-an ni. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé eléyìí fún wa rí. Báwo ni wọ́n ṣe máa wá fi í sílẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni ló sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Apoògùn_Tòótọ́
Rárá o, kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ Jagunlabí ti lè ṣe ẹlòmíràn ní jàǹbá nìyí, ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, ẹni tí ásíìdì ti bó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ gidigidi, ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ní Barrett (ìyẹn ni pé ásíìdì ti yí ara ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ padà), àti àgbàlagbà tó ṣì ń lo aspirin, ibuprofen, diclofenac tàbí naproxen lójoojúmọ́: oògùn yìí ló ń dáàbò bo irú wọn. Tí wọ́n bá sọ ọ́ nù, ẹ̀jẹ̀ lè ya nínú ikùn kí wọ́n tó mọ̀.

Ti ìyá yàtọ̀. Nítorí diclofenac ni wọ́n ṣe kọ ọ́, diclofenac sì ti lọ. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́, ẹ sọ bọ́rọ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí, kí ẹ bi í bóyá ìdí tí wọ́n fi ń lò ó ṣì wà. Tó bá ní kò sí mọ́, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹni tó ń lo 20 mg lè sọ̀ kalẹ̀ sí 10 mg lójúmọ́, tàbí kó máa lo 20 mg lọ́jọ́ kan kó fo ọjọ́ kejì, fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, kó tó dúró pátápátá. Tí àyà bá ta wọ́n láàárín ìgbà yẹn, oògùn olómi tó ń pa ásíìdì tàbí famotidine, oògùn mìíràn tó ń dín ásíìdì kù, lè gbé wọn kọjá. Kí wọ́n mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè ta díẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń sáré padà sí i.

Ẹ má gbàgbé láti wo inú àpò oògùn wọn o. Ọ̀pọ̀ oògùn ìrora àti ti òtútù ló ní ibuprofen tàbí aspirin nínú tí orúkọ iwájú páálí kò sì fi í hàn. Bí irú rẹ̀ bá wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó dín ohunkóhun kù.

Jagunlabí
Mo ti gbọ́ ti ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ dá mi lóhùn lórí kíndìnrín àti egungun. Ṣé irọ́ ni?

Apoògùn_Tòótọ́
Kì í ṣe irọ́. Àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní 2010 pé egungun ìdí, ọrùn ọwọ́ àti ẹ̀yìn lè tètè ṣẹ́ lára àwọn tó ń lo púpọ̀ rẹ̀ tàbí tó ń lò ó fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2011 wọ́n kìlọ̀ pé èròjà magnesium lè lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Èyí lè mú kí iṣan máa fà, kí ọkàn máa lù ségesège. Ní 2012, wọ́n kìlọ̀ nípa ìgbẹ́ gbuuru tó le tí kòkòrò C. difficile ń fà. Fítámì B12 náà lè dín kù lára ẹni tó bá ti lò ó ju ọdún méjì lọ. Ní ti kíndìnrín, ó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ara kọ oògùn náà, kíndìnrín á sì wú.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìròyìn wọ̀nyí, wíwo ni wọ́n wo àwọn tó ń lò ó àtàwọn tí kò lò ó, wọ́n sì fi wọ́n wéra. Ẹni tó ń lò ó sì sábà máa ń jẹ́ àgbàlagbà tí àìsàn mìíràn ti wà lára rẹ̀. Ìdánwò ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 pín èèyàn tó lé ní 17,000 sí ọ̀nà méjì láìṣojúsàájú, wọ́n fún apá kan ní pantoprazole fún nǹkan bí ọdún 3. Àrùn ìfun tí kòkòrò ń fà nìkan ló fi dájú pé ó pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó lò ó. Kò sí ìyàtọ̀ tó dájú ní ti egungun tó ń ṣẹ́ tàbí àrùn kíndìnrín.

Ojú tí mo fi ń wò ó ni pé ẹni tó ní ìdí láti lò ó, kó má jẹ́ kí ẹ̀rù bà á. Ẹni tí kò ní ìdí, kí ni yóò máa ru ewu náà fún, bó ti wù kó kéré tó? Kí ẹni tó bá sì máa lò ó fún ọdún púpọ̀ bi dókítà bóyá ó yẹ kí wọ́n máa wo magnesium àti B12 rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ó máa ń dùn mí. Oògùn yìí dára débi pé ó lè bo àrùn ńlá mọ́lẹ̀. Ìrora jẹjẹrẹ ikùn náà lè rọlẹ̀ fúngbà díẹ̀ tí èèyàn bá ń lo omeprazole, ẹni náà á sì rò pé òun ti bọ́.

Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tó lẹ̀, tó ń rùn lọ́nà tí kò mọ́ra, ilé ìwòsàn ni. Tí èèyàn bá ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí ohun tó dà bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni tí ìrora ikùn bá dé lójijì tó le koko, tí ikùn sì gan. Àwọn mìíràn kò ní pani lónìí ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun à ń fi kápúsù bò: kí oúnjẹ máa há sí ọ̀fun, kí èèyàn máa rù láìmọ ìdí, kí èébì má dá, kí ẹ̀jẹ̀ máa gbẹ lára, kí àyà títa ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 55 tàbí 60. Gbogbo wọn ló ń fẹ́ kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ikùn. (Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú àti bismuth, oògùn ikùn kan, náà máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ẹni tó ń lò wọ́n, kó sọ fún ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò.)

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àrùn ọkàn tí àwọn èèyàn ń pè ní àyà títa. Tí àyà bá fún mọ́ ẹ, tí ìrora rẹ̀ ń ràn lọ sí apá, ọrùn tàbí párì ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí òógùn tútù ń bọ́, tí èémí kò já geere, má gbé oògùn ásíìdì mì kí o sì jókòó máa wò ó. Àwọn obìnrin àtàwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà lè má ní ìrora àyà tó le rárá, ó lè jẹ́ inú tó ń dà wọ́n rú àti àárẹ̀ nìkan. Ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì.

Adé_Kékeré
Ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ béèrè. Ìyàwó mi ní omeprazole lọ́wọ́. Ìgbà tí àyà bá ta á lóru nìkan ló ń gbé ọ̀kan mì, ó sì ní kì í ṣiṣẹ́. Ṣé ayédèrú ni?

Apoògùn_Tòótọ́
Mi ò lè rí oògùn náà láti ibí. Ṣùgbọ́n ojúlówó pàápàá kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa tí a bá lò ó báyẹn. Fáǹpù tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ni oògùn náà ń sé, oúnjẹ ló sì ń jí wọn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ṣáájú oúnjẹ, àárọ̀ ló sì sábà máa ń dára jù. Ó máa ń gbà tó ọjọ́ 1 sí 4 kí agbára rẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá lò ó lóru, lórí ìrora, tí kò sì ní jẹun mọ́, ó ti fi ṣòfò. Wọn kì í jẹ kápúsù náà lẹ́nu, wọn kì í sì í lọ àwọn hóró kéékèèké inú rẹ̀, torí ásíìdì ikùn gan-an lè ba oògùn náà jẹ́ kó tó dé ibi tí ara ti ń gbà á.

Fún èyí tó ń ta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, oògùn tó ń pa ásíìdì ló yẹ, bíi calcium carbonate tàbí àdàpọ̀ magnesium àti aluminium. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í pẹ́. Magnesium máa ń mú ìgbẹ́ ṣàn, aluminium máa ń mú kó le, ìdí tí wọ́n fi sábà ń pò wọ́n pọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára kò gbọ́dọ̀ lo méjèèjì láìbi dókítà. Èyí tó ní sodium bicarbonate, iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kò dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìlera ọkàn.

Fún ti òru, famotidine lè ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí kan, ó sì lè dúró tó wákàtí 10 sí 12. Tí a bá ń lò ó lójoojúmọ́, ara máa ń mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, agbára rẹ̀ á sì dín kù. Ẹni tí kò bá ní famotidine tó sì rí ranitidine àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀, kó má lò ó. FDA ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 2020 nítorí èròjà NDMA tó lè fa jẹjẹrẹ.

Àti pé, kí ìyàwó má dùbúlẹ̀ títí wákàtí 3 yóò fi kọjá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Kí ẹ gbé ìhà orí ibùsùn sókè tó ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kì í ṣe pípọ̀ sí ìrọ̀rí, kí ó sì máa fi ìhà òsì sùn. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀méjì lọ lọ́sẹ̀, kó lọ rí dókítà.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ jọ̀wọ́, àwa aboyún ńkọ́? Oyún oṣù méje ni mo wà, ọ̀fun mi kò fara balẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Òru
Ẹ kú ìkúnra o, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ti ọmọ. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, orí tó ga lójú oorun, lẹ́yìn náà calcium carbonate ní ìwọ̀n tó wà lára páálí. Ẹ sá fún sodium bicarbonate. Tí kò bá tó, dókítà yín lè kọ famotidine tàbí omeprazole. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn ni misoprostol, wọ́n ń fi dáàbò bo ikùn ṣùgbọ́n ó lè ba oyún jẹ́. Tí àyà títa yìí bá sì wà pẹ̀lú orí fífọ́ tó le, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru oyún lè fa ìyẹn.

Adúróṣinṣin
Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí wọ́n ti ní ó ní ọgbẹ́ inú ka eléyìí. Ọdún pọ̀ tí mo fi ń lo oògùn ásíìdì, tó ń lọ tó ń bọ̀. Ilé ìwòsàn kan yẹ ìgbẹ́ mi wò fún kòkòrò H. pylori, wọ́n ní kò sí. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mò ń lo omeprazole lọ́wọ́. Dókítà mìíràn ló ní kí n fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 kí n tó tún yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò náà sì hàn. Oògùn náà ló ń tẹ̀ ẹ́ rì tí àyẹ̀wò kò fi rí i. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oògùn apakòkòrò, ọ̀sẹ̀ 4 ni kó dúró.

Wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò pẹ̀lú omeprazole pa pọ̀ fún ọjọ́ 14, mo lò ó tán, wọ́n sì tún yẹ̀ mí wò láti rí i pé ó ti kú. Títí di àkókò tí Barry Marshall àti Robin Warren rí kòkòrò yìí ní Ọsirélíà ní ọdún 1982, àníyàn àti ásíìdì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń dá lẹ́bi ọgbẹ́ inú. Marshall tiẹ̀ gbé kòkòrò náà mu ní 1984 kó lè fi hàn pé òun ló ń fà á. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fi dá wọn lọ́lá ní 2005. Ó wá ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn ṣì ń fi kápúsù tẹ ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ láìwá ohun tó dá a.

Àbẹ̀kẹ́
Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. A ti rí dókítà. Ó gbà pé kò sí ìdí fún un mọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì béèrè nípa àwọn àmì tí Nọ́ọ̀sì kà sílẹ̀. Kò sí ìkankan. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sí 10 mg. Ó ta wọ́n díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé a ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọn kò bẹ̀rù. Ìbéèrè kan ló kù: wọ́n ń lo levothyroxine fún gẹ̀gẹ̀. Ṣé oògùn olómi yẹn kò ní dí i lọ́wọ́?

Apoògùn_Tòótọ́
Yóò dí i. Ẹ fi wákàtí 4 sí àárín wọn. Irú rẹ̀ ni oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní iron nínú, àti oògùn apakòkòrò bíi doxycycline àti ciprofloxacin: àwọn èròjà inú oògùn ásíìdì máa ń so mọ́ wọn nínú ikùn, ara kò sì ní rí wọn gbà. Ciprofloxacin, wákàtí 2 ṣáájú oògùn ásíìdì tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ lò ó. Nígbà tí wọ́n bá sì ti fi omeprazole sílẹ̀ tán, kí dókítà tún wo ìwọ̀n levothyroxine wọn, torí omeprazole náà lè dín bí ara ṣe ń gbà á kù.

Bàbá_Rere
Apoògùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Wọ́n fi stent, ìyẹn páìpù kékeré tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ráyè kọjá, sí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn mi, clopidogrel àti aspirin ni mò ń lò kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Omeprazole ni mo ń fi sí i kí inú má baà dùn mí. Mo gbọ́ pé kò bá ara wọn lọ. Ṣé kí n fi clopidogrel sílẹ̀ ni?

Apoògùn_Tòótọ́
Bàbá, ẹ má fi clopidogrel sílẹ̀ o. Ẹ má fi aspirin sílẹ̀. Stent lè dí, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró. Òótọ́ ni pé omeprazole àti esomeprazole ń dí ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ tó ń sọ clopidogrel di alágbára, ṣùgbọ́n ikùn yín náà ń fẹ́ ààbò nítorí oògùn méjèèjì tí ẹ ń lò. Ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ omeprazole sí pantoprazole. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ pe dókítà ọkàn yín ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ ka orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò fún un lórí fóònù.

Bàbá_Rere
Mo ti pè é. Pantoprazole ló ní kí n máa lò, ó sì ní kí n mú gbogbo páálí oògùn mi wá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Ẹ ṣeun, ọmọ mi.